Adápítà nẹ́tíwọ́ọ̀kì USB mi kì í dúró lójú kan: ó ń já, ó ń padà, ó tún ń já

Olùkọ́Ìṣirò:

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọ̀gá. Ọ̀rọ̀ adápítà kan ló gbé mi wá, ó sì ti sú mi pátápátá.

Láptọ́ọ̀pù mi wà lára àwọn tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọn kì í fi ihò wáyà nẹ́tíwọ́ọ̀kì sí mọ́. Ihò USB-C méjì péré ló ní. Ọ̀kan ń gba iná, èkejì ni mo ki háàbù oníhò mẹ́rin sí. Inú háàbù yẹn ni adápítà mi wà, òun àti mọ́ọ̀sì àti kámẹ́rà tí mo dorí rẹ̀ kodò kí àwọn ọmọ lè máa rí ìwé tí mo ń ṣe ìṣirò lé lórí. Lórí fídíò ni mo ti ń kọ́ wọn. Wi-Fi kò ṣeé gbọ́kàn lé níbi tí mo ń jókòó sí, torí ògiri tó wà láàárín èmi àti ráútà nípọn. Wáyà ni mo sá tọ̀, wáyà náà ló wá ń dójú tì mí níwájú ọmọ ọlọ́mọ.

Ohun tí ojú mi ń rí nìyí. Mo lè jókòó jẹ́ẹ́, kí n máa ka iṣẹ́ àṣetiléwá tí wọ́n fi ránṣẹ́, n kò wa nǹkan kan wálẹ̀, n kò fi nǹkan kan ránṣẹ́. Ṣàdédé ni àmì nẹ́tíwọ́ọ̀kì ìsàlẹ̀ ojú kọ̀ǹpútà á yí padà, á ní íntánẹ́ẹ̀tì kò sí. Kò ní pẹ́ tí á fi padà. N kò ní gbọ́ ìró kankan. Ìgbà mìíràn sì wà tó jẹ́ pé àárín ẹ̀kọ́ gan-an ni, kámẹ́rà wà ní títàn, mo ń sọ̀rọ̀ lọ, kọ̀ǹpútà á dún “tù-dùm”, irú ìró tó máa ń dún bí èèyàn bá yọ fláàṣì. Ojú àwọn ọmọ á gan sórí fídíò, ẹnu ẹlòmíràn á ṣì là sílẹ̀. Lẹ́yìn náà ìró kejì á dún, adápítà á padà. Ó ń lọ, ó ń bọ̀, bí àbíkú.

Mo ti pààrọ̀ wáyà. Mo ti pa ráútà, mo tún un tàn. Fóònù mi wà lórí Wi-Fi ráútà kan náà, kì í sì í já nígbà tí tèmi bá já, nítorí náà n kò rò pé ẹjọ́ àwọn tó ń fún mi ní íntánẹ́ẹ̀tì ni. Ohun tó tún yà mí lẹ́nu ni pé bí mo bá ń wa fáìlì ńlá wálẹ̀, tí kámẹ́rà sì wà ní pípa, kò já rí. Àfi bí mo bá jókòó tí n kò ṣe nǹkan kan.

Windows 11 ni mo ń lò. Ẹ jọ̀ọ́, ẹni tó bá máa dáhùn kó sọ ìdí ọ̀rọ̀ fún mi. Ẹ má kàn ní kí n tẹ ibí, kí n tẹ ọ̀hún.

Ẹlẹ́rìn-ín:

Ìdáhùn tèmi kúrú, Olùkọ́. Ẹ sọ ọ́ nù, ẹ ra òmíràn. Nǹkan tí kò tóbi ju àtàǹpàkò lọ, kí lẹ tún fẹ́ wò lára rẹ̀?

BàbáWáyà:

Ẹ má tíì sọ ọ́ nù o. Bí ẹ bá ra tuntun, tí ẹ kì í sínú háàbù kan náà, tí ètò Windows sì wà bó ṣe wà, ó ṣeé ṣe kí tuntun náà máa ṣe ohun tí èyí ń ṣe.

Olùkọ́, àìsàn méjì lẹ ròyìn, ẹ wá pè wọ́n ní orúkọ kan. Ọ̀kan ní ìró, èkejì kò ní. Windows kì í dún “tù-dùm” nítorí pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì já. Ó máa ń dún bẹ́ẹ̀ bí ohun èlò kan bá pòórá lójú rẹ̀, bí ìgbà tí ẹ bá fi ọwọ́ yín yọ ọ́. Nítorí náà, bó bá ti dún, ẹ fi ráútà sílẹ̀, ẹ fi wáyà nẹ́tíwọ́ọ̀kì sílẹ̀; àárín adápítà àti láptọ́ọ̀pù ni kí ẹ wò. Ó lè jẹ́ iná tí kò tó. Ó lè jẹ́ orí USB tó ń mì nínú ihò. Ó lè jẹ́ háàbù fúnra rẹ̀, tàbí kí chip inú adápítà gbóná débi pé ó dákú. Bí kò bá dún, adápítà wà níbẹ̀, Windows ń rí i, àmọ́ ìdè tó wà láàárín òun àti ráútà ló tú.

Kí ẹ tó yí ohunkóhun padà, ẹ jẹ́ ká fojú ara wa rí i. Ẹ ṣí Command Prompt, ẹ kọ `ipconfig`, ẹ wo nọ́ńbà tó wà níwájú “Default Gateway”. Ráútà yín nìyẹn. Ẹ wá kọ `ping -t`, àṣẹ tó ń bi ráútà léèrè láìdúró bóyá ó wà níbẹ̀, kí ẹ fi nọ́ńbà náà tẹ̀lé e, kí ẹ sì jẹ́ kó máa sáré lọ ní ẹ̀gbẹ́ kan ojú kọ̀ǹpútà bí ẹ ṣe ń ṣiṣẹ́ yín. Nígbà tó bá já, bí ohun tó kọ bá jẹ́ “Request timed out”, láptọ́ọ̀pù fi ìbéèrè jáde, ẹnìkan ni kò dáhùn. Ẹ lè fura sí ráútà. Bó bá jẹ́ “General failure” ló kọ, ìbéèrè náà kò tilẹ̀ rí ọ̀nà jáde nínú láptọ́ọ̀pù yín. Kíá, ẹ ṣí fèrèsé kejì, ẹ tún kọ `ipconfig`. Bí orúkọ adápítà bá ṣì wà, tí “Media disconnected” sì wà lábẹ́ rẹ̀, ìdè ló tú. Bí ẹ kò bá rí orúkọ náà rárá, adápítà ló pòórá.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ lọ sí Device Manager, lábẹ́ “Network adapters”, ẹ fi ọwọ́ ọ̀tún mọ́ọ̀sì tẹ orúkọ adápítà, “Properties”, “Details”, kí ẹ yan “Hardware Ids”. Ẹ kọ VID (nọ́ńbà ilé iṣẹ́ tó ṣe chip) àti PID (nọ́ńbà irú chip náà) tó wà níbẹ̀ ránṣẹ́ sí mi. Orúkọ tí wọ́n kọ sára ike ìta kò sọ nǹkan kan fún ẹnikẹ́ni. Chip inú rẹ̀ ló ni ìwà. Bí ẹ bá ti débẹ̀, ẹ yà sí “Events” náà. Gbogbo ìgbà tí Windows bá tún adápítà gbà wọlé, ó ń kọ ọ́ síbẹ̀ pẹ̀lú ọjọ́ àti àkókò.

Kí ẹ sì máa wo iná kékeré tó wà létí ihò Ethernet.

Olùkọ́Ìṣirò:

Bàbá Wáyà, ẹ kú làákàyè o. Mo ṣe é bí ẹ ṣe wí, ó sì rí bí ẹ ṣe pín in gẹ́lẹ́.

VID_0BDA&PID_8153 ni mo rí níbẹ̀.

Èyí tí kò ní ìró: ping kọ “General failure”, `ipconfig` ní “Media disconnected”, orúkọ adápítà kò kúrò. Iná ewé tó wà létí ihò kú fíìn, ó tún tàn, lẹ́yìn rẹ̀ ni iná ọsàn bẹ̀rẹ̀ sí í ṣẹ́jú. Èyí tó ní ìró ni tirẹ̀ burú jù. Orúkọ adápítà kò sí nínú `ipconfig` mọ́ rárá, “Events” sì kún fún “Device configured” àti “Device started” ní àkókò tí mo wà nínú ẹ̀kọ́. Nǹkan kan wà tí n kò kà sí tẹ́lẹ̀: bí ìró yẹn bá ti dún, mọ́ọ̀sì mi náà máa ń dá dúró fún ìgbà díẹ̀, iná ìdí rẹ̀ á kú. Mo ti máa ń rò pé kọ̀ǹpútà ló wúwo lọ́wọ́ nítorí fídíò.

BàbáWáyà:

Abájọ! Mọ́ọ̀sì tí ẹ mẹ́nu bà yẹn ló tú àṣírí. Adápítà nìkan kọ́ ló ń lọ. Háàbù ni ó ń ṣubú, tí ó sì ń fa gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀ ṣubú. Ẹ jẹ́ kí n mú èyí tó rọrùn ṣáájú.

0BDA ni nọ́ńbà Realtek, 8153 sì ni chip RTL8153, èyí tó ń sáré dé gígábíìtì kan lórí USB 3. Inú àìmọye adápítà àti ibùdó láptọ́ọ̀pù ló wà, kò sì sí ohun tó ṣe chip náà. Ṣùgbọ́n ó ní ìwà kan: ó fẹ́ràn kó máa ṣọ́ iná lò. Láti ọdún 2010 ni ìlànà kan ti wà, IEEE 802.3az, tí wọ́n ń pè ní Energy Efficient Ethernet. Ohun tó wí ni pé bí nǹkan kan kò bá ń kọjá lórí wáyà, kí adápítà àti ráútà jọ rẹ iná wọn sílẹ̀, kí wọ́n sì jọ jí bí iṣẹ́ bá dé. Bí àwọn méjèèjì bá gbọ́ ara wọn yé, ẹ kò ní mọ̀ pé nǹkan kan ṣẹlẹ̀. Bí wọn kò bá gbọ́ ara wọn yé, ọ̀kan á rò pé èkejì ti lọ, ìdè á tú, wọ́n á sì bẹ̀rẹ̀ ìkíni láti ìbẹ̀rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí kì í fi í já bí ẹ bá ń wa fáìlì ńlá wálẹ̀: wọn kò ráyè sùn.

Nínú “Properties” tí ẹ ṣí yẹn, ẹ lọ sí “Advanced”. Ẹ wá “Energy-Efficient Ethernet”, “Green Ethernet” àti “Idle Power Saving” kí ẹ sọ gbogbo wọn di “Disabled”. Orúkọ wọn lè yàtọ̀ díẹ̀ bí driver (ètò tó ń jẹ́ kí kọ̀ǹpútà bá ohun èlò sọ̀rọ̀) bá ṣe rí. Èyíkéyìí tó bá ti ní “power saving” tàbí “selective suspend” nínú, ẹ pa á. Lẹ́yìn náà ẹ lọ sí “Power Management”, ẹ yọ àmì kúrò níwájú “Allow the computer to turn off this device to save power”. Bí ẹ kò bá rí ojú ewé yẹn, ẹ má wá a kiri. Ọ̀pọ̀ láptọ́ọ̀pù ìsinsìnyí tó ń lo Modern Standby, ọ̀nà tuntun tí Windows ń gbà sùn, kò ní in.

Windows fúnra rẹ̀ náà ní tirẹ̀ tó ń pè ní USB selective suspend, tó ń pa ohun èlò USB tí kò bá níṣẹ́. Control Panel, “Power Options”, “Change plan settings”, “Change advanced power settings”, “USB settings”. Lórí láptọ́ọ̀pù tẹ́ẹ́rẹ́, wọ́n sábà máa ń fi pamọ́. Bí kò bá hàn, ẹ ṣí Command Prompt gẹ́gẹ́ bí alábòójútó, kí ẹ lẹ èyí mọ́ ọn lórí ìlà kan:

`powercfg /setacvalueindex scheme_current 2a737441-1930-4402-8d77-b2bebba308a3 48e6b7a6-50f5-4782-a5d4-53bb8f07e226 0`

Kí `powercfg /setactive scheme_current` sì tẹ̀lé e. Ìgbà tí iná bá wà lára láptọ́ọ̀pù ni èyí ń ṣiṣẹ́ fún. Bí ẹ bá fẹ́ kó kan bátìrì náà, ẹ sọ `setacvalueindex` di `setdcvalueindex`.

Ó ku ti ìró. Háàbù yín kò ní iná tirẹ̀, àbí? Bí kò bá ní, gbogbo ohun tó wà lára rẹ̀ ló ń jẹun láti inú ihò kan ṣoṣo ara láptọ́ọ̀pù. USB 2.0 ṣèlérí iná tó tó 500 mA fún ihò kan, USB 3.0 ṣèlérí 900 mA. Adápítà gígábíìtì ń jẹ nínú rẹ̀, kámẹ́rà ń jẹ, háàbù fúnra rẹ̀ ń jẹ tirẹ̀, mọ́ọ̀sì ń tọ́ ọ wò. Láàárín ẹ̀kọ́ ni gbogbo wọn ń ṣiṣẹ́ àṣekára lẹ́ẹ̀kan náà. Bí iná bá sọ̀ kalẹ̀ jù, háàbù á kú, á tún tàn, ẹ ó sì gbọ́ ìró méjèèjì.

Ẹ dán an wò láìná owó kankan: ẹ yọ kámẹ́rà ìta kúrò nínú háàbù, ẹ fi kámẹ́rà ara láptọ́ọ̀pù ṣe ẹ̀kọ́ kan tàbí méjì. Bí kò bá já, ẹ ti mú olè.

Ẹlẹ́rìn-ín:

Bàbá Wáyà, mo túúbá. Àmọ́ ṣé ẹ rí i bẹ́ẹ̀, bí ó bá jẹ́ pé ó sọ gbogbo rẹ̀ nù pẹ̀lú háàbù, òtítọ́ ni mo sọ nígbà náà.

ỌmọLinux:

Ẹ̀yin àgbà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú pé mo já lu ọ̀rọ̀. Tèmi jọ ti Olùkọ́ ṣùgbọ́n Wi-Fi ni adápítà tèmi, fláàṣì kékeré tó ṣù bí èékánná, mo sì ń lo Linux. Ẹ̀gbẹ́ ibi tí mo ki hard disk ìta sí ni mo ki òun náà sí. Bí mo bá ń da fáìlì sínú hard disk, Wi-Fi á fà bí ìgbín, lẹ́yìn náà á já. Nínú `dmesg`, ibi tí Linux ti ń kọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sílẹ̀, mo máa ń rí “USB disconnect”, nígbà mìíràn “error -71”. Ohun tó wá ń dẹ́rù bà mí ni pé lẹ́yìn tó bá já, nígbà mìíràn ó máa ń padà wá bíi CD! Nẹ́tíwọ́ọ̀kì kò sí, àmì CD ló jókòó sórí ojú kọ̀ǹpútà.

BàbáWáyà:

Àbúrò, kò sí ohun tó ń dẹ́rù bani níbẹ̀. Inú fláàṣì Wi-Fi yẹn ni wọ́n kó driver Windows sí, kí ẹni tó ra á má baà máa wá a kiri. Nítorí náà, bí ó bá kọ́kọ́ wọlé, á pe ara rẹ̀ ní CD. Nígbà tí kọ̀ǹpútà bá “yọ” CD náà ni á wá di Wi-Fi. Kọ `lsusb`, àṣẹ tó ń to àwọn ohun èlò USB sílẹ̀, nígbà tó bá ṣe bẹ́ẹ̀. Bí o bá rí 0bda:1a2b, òun gan-an nìyẹn. Ètò tó ń bá a yọ CD lórí Linux ni usb_modeswitch. Fi sórí kọ̀ǹpútà rẹ bí kò bá sí níbẹ̀, á máa ṣe é fúnra rẹ̀.

Ṣùgbọ́n ìdí tó fi ń já lákọ̀ọ́kọ́ ló yẹ kí o wá. Hard disk tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ni mo fura sí. Ohun èlò USB 3 tó bá ń ṣiṣẹ́ ní 5 Gbps máa ń tú ariwo rédíò jáde, ariwo náà sì máa ń bọ́ sí àárín 2.4 sí 2.5 GHz, ibi tí Wi-Fi rẹ ti ń sọ̀rọ̀. Intel gbé ìwé jáde lórí ọ̀rọ̀ yìí ní 2012, wọ́n wọn ariwo náà, wọ́n sì fi hàn pé ihò àti wáyà tí kò ní ìbòrí dáadáa ló ń tú u jáde jù. Eriali inú fláàṣì rẹ fẹ́ẹ̀ fara kan orísun ariwo. Wá wáyà ìfàgùn USB kúkúrú kan, fi gbé fláàṣì náà jìnnà díẹ̀ sí hard disk, tàbí kí o ki í sí ẹ̀gbẹ́ kejì láptọ́ọ̀pù. Bí fláàṣì rẹ bá mọ 5 GHz, tí ráútà sì ní in, gba ibẹ̀ lọ, kó o fi 2.4 sílẹ̀ fún ariwo.

Ti “error -71”, ohun tó túmọ̀ sí ni pé ọ̀rọ̀ tó ń kọjá láàárín kọ̀ǹpútà àti fláàṣì ń dàrú lójú ọ̀nà: orí tó ń mì, ihò tó ti gbó, wáyà tí kò dára. Bí ó bá jẹ́ -110 lo rí, kọ̀ǹpútà dúró de ìdáhùn títí, ìdáhùn kò wá. Bí o bá rí “over-current” níbẹ̀, iná ni. Fi `sudo dmesg -w` sílẹ̀ kó máa kọ lọ, kí o wá fi ọwọ́ mi fláàṣì náà díẹ̀ nínú ihò rẹ̀. Bí ìlà tuntun bá jáde bí o ṣe fọwọ́ kàn án, o kò nílò ìdáhùn ẹnikẹ́ni mọ́, ihò ni kí o pààrọ̀.

Linux náà ń pa ohun èlò USB tí kò níṣẹ́, lẹ́yìn ìṣẹ́jú àáyá 2 ni, bí driver ohun èlò náà bá gbà á láyè. Wo fáìlì `power/control` ohun èlò rẹ lábẹ́ `/sys/bus/usb/devices`. “auto” ni kó máa sùn, “on” ni kó má sùn. Bí o bá ń lo TLP, ètò tó ń ṣọ́ iná bátìrì, òun ló ń yí i sí “auto” fún ọ. Kọ nọ́ńbà fláàṣì rẹ sí iwájú USB_DENYLIST nínú `/etc/tlp.conf`, á fi í sílẹ̀. NetworkManager, ètò tó ń bójú tó nẹ́tíwọ́ọ̀kì lórí Linux, ní tirẹ̀ lọ́tọ̀ fún Wi-Fi, `wifi.powersave`: 3 ni kó máa ṣọ́ iná, 2 ni kó má ṣọ́ ọ.

Irú chip wo ni?

ỌmọLinux:

Ẹ ṣé gan-an, Bàbá. Lẹ́yìn tó bá ti di Wi-Fi, `lsusb` ní 0bda:c811. Mo kó driver rẹ̀ láti ibì kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì, mo sì ní láti tún un kọ́ ní gbogbo ìgbà tí kernel, ọkàn Linux fúnra rẹ̀, bá yí padà.

BàbáWáyà:

Ìdílé RTL8811CU àti 8821CU nìyẹn. Bí kernel rẹ bá ti dé 6.2 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, driver rẹ̀ ti wà nínú kernel fúnra rẹ̀, rtw88 lorúkọ ìdílé rẹ̀. Yọ èyí tí o kó níta kúrò kí àwọn méjèèjì má baà máa jà lé e lórí. `uname -r` ni yóò sọ kernel tí o ní fún ọ. Gbé e jìnnà sí hard disk ná, kí o tó ṣe ohun mìíràn.

Olùkọ́Ìṣirò:

Mo ti padà dé o.

Èyí tí kò ní ìró ti dáwọ́ dúró. “Green Ethernet” àti “Idle Power Saving” nìkan ni mo rí nínú “Advanced”, n kò rí ẹ̀kẹta. Mo pa méjèèjì. Mo ti ka iṣẹ́ àṣetiléwá títí ojú fi ń ro mí, ping kò fi ìgbà kan kọ “General failure”. “Power Management” kò sí níbẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ẹ ṣe wí.

Ti kámẹ́rà, òótọ́ ni. Mo yọ ọ́, mo fi kámẹ́rà ara láptọ́ọ̀pù kọ́ wọn, kò já. Mo dá a padà, mo gbé orí ìwé sí wọn lójú, “tù-dùm”. N kò lè ṣe láìní kámẹ́rà ìta, nítorí pé ọmọ tí kò bá rí bí mo ṣe ń gbé nọ́ńbà kọjá sí òdìkejì àmì ọgba kò ní gbọ́ ohun tí mo ń wí. Nítorí náà ọgbọ́n tí mo dá ni pé mo ń jẹ́ kí bátìrì kún kí ẹ̀kọ́ tó bẹ̀rẹ̀, mo ń yọ wáyà iná, mo sì ń lo ihò méjèèjì: adápítà ń wọ ọ̀kan tààrà pẹ̀lú orí ìyípadà kékeré láti USB-A sí USB-C, háàbù pẹ̀lú kámẹ́rà ń wọ èkejì. Ó ń bá mi dé òpin ẹ̀kọ́. Mo ṣì máa wá háàbù tó ní iná tirẹ̀.

Ọ̀kan ṣoṣo ló kù. Bí mo bá pa ojú láptọ́ọ̀pù dé, tí mo tún ṣí i lẹ́yìn ìgbà pípẹ́, nígbà mìíràn adápítà wà nínú Device Manager, iná ewé ń tàn, síbẹ̀ íntánẹ́ẹ̀tì kò sí. Àfi kí n yọ ọ́ kí n tún un kì.

BàbáWáyà:

Ọgbọ́n bátìrì yẹn dára. Bí ẹ bá ń wá háàbù, èyí tó ní ihò tí ẹ lè ki wáyà iná láptọ́ọ̀pù sí ni kí ẹ rà; iná á gba inú rẹ̀ wọ láptọ́ọ̀pù, àwọn ohun tó wà lára rẹ̀ náà á sì rí tiwọn jẹ. Ẹ kò ní máa ṣírò ihò mọ́.

Èyí tó kù yẹn, driver ló ń jí tí orí rẹ̀ kò tíì pé. Ẹ lọ gba driver RTL8153 láti ojú òpó Realtek gan-an, ẹ má gba èyí tí Windows fún yín nìkan. Lẹ́yìn tí ẹ bá fi sí i, ẹ tún padà lọ wo “Advanced”, nítorí pé driver tuntun máa ń dá ètò padà sí bó ṣe wà tẹ́lẹ̀, ó sì ṣeé ṣe kí ẹ̀kẹta tí ẹ kò rí yẹn wá yọjú.

Kí ẹ tó ṣe ìyẹn, ẹ kò nílò láti máa yọ ọ́. Ẹ ṣí PowerShell gẹ́gẹ́ bí alábòójútó, ẹ kọ `Get-NetAdapter` kí ẹ lè rí orúkọ tí Windows ń pè é. Bó bá jẹ́ “Ethernet 2”, ẹ kọ:

`Restart-NetAdapter -Name "Ethernet 2"`

Iná rẹ̀ á kú, á sì tàn. Orí rẹ̀ á pé.

Ẹlẹ́rìn-ín:

Olùkọ́, háàbù àtijọ́ yẹn ńkọ́? Ṣé ẹ lè fún mi? Mọ́ọ̀sì nìkan ni màá ki sínú rẹ̀.

Olùkọ́Ìṣirò:

Ẹ̀yin tí ẹ ní kí n sọ gbogbo rẹ̀ nù! Driver Realtek ti wọlé, “Energy-Efficient Ethernet” sì yọjú lóòótọ́, ó wà ní “Enabled”. Mo ti pa á. `Restart-NetAdapter` náà ṣiṣẹ́. Màá fi láptọ́ọ̀pù sùn mọ́jú lónìí, màá wá sọ bó bá ṣe jí.